Omi Tí Ẹ Kò Dà Sínú Ọkọ̀ Yẹn

Bàámi, Àlàó, ọkọ ìyá mi,

Mo kí yín o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà. Ṣé ẹ káàárọ̀ ni àbí ẹ kú ìrọ̀lẹ́? Ṣé ilẹ̀ máa ń mọ́ níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí tó bá yẹ nínú méjèèjì. Ẹ má sì fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin lẹ bí mi sí Pọ́tákọ̀, ẹ̀yin náà lẹ sì máa ń kọ etí ikún sí mi bí mo bá fi Pidgin kí yín láàárọ̀. Ẹ óò máa bó ọsàn yín lọ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, títí n óò fi sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Màmá wà dáadáa. Orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé omi gòkè. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n ṣì ń sùn sí lórí ibùsùn, wọ́n fi apá tiyín sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n bọ́ sí àárín, kí ara lè tù wọ́n. Wọ́n bi mí pé ta ni mo fẹ́ kí wọ́n tì sílẹ̀. Mi ò tún sọ ọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúnkún Màmá ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ omi yẹn ni. Bàámi, mo purọ́ mọ́ yín. Mo dúró láàárín ọgbà mẹkáníìkì, níwájú gbogbo ayé, mo ní ẹ da omi sínú ọkọ̀ oníbàárà mi, ẹ sì bà á jẹ́. Ẹ ò da nǹkan kan. Ẹ gbé ẹ̀sùn yẹn wọ inú ilẹ̀ lọ, àwọn ará ọgbà sì ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí di àìpẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹ kì í fẹ́ kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìdí.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá ni ẹ kọ́kọ́ mú mi wọ ọgbà yẹn. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Àwọn tíṣà wa daṣẹ́ sílẹ̀, Màmá wà lọ́jà, kò sí ẹni tí wọn óò fi mí tì. Ẹ gbé mi jókòó sórí bátìrì kan tó ti kú, ẹ fún mi ní gúgúrú àti ẹ̀pà, ẹ ní kí n bá yín di gílóòbù ìdánwò yín mú, gílóòbù kékeré tí ẹ so wáyà méjì mọ́, tó máa ń wà lápò àyà yín bíi bírò akọ̀wé. Gílóòbù yẹn tàn lọ́wọ́ mi, mo pariwo, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fẹ́ iṣẹ́ mìíràn mọ́.

Wọ́n ní obìnrin kì í ṣe riwáyà, pé iṣẹ́ títún iná ọkọ̀ ṣe kì í ṣe ti ẹni tí yóò wọ ilé ọkọ. Sunday tó ń kan ara ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ṣìkejì tiwa sọ ọ́ lójú mi. Ó ní, “Baba, who go marry this your pikin wey dey smell petrol?” Ẹ ò tilẹ̀ gbé ojú sókè nínú ọkọ̀. Ẹ ní ẹni tí yóò fẹ́ mi ni kó lọ máa fẹ́ràn òórùn pẹtiróòlù látòní. Mo rántí bí inú mi ṣe dùn. Mo gbé orí sókè lọ ra ẹ̀kọ fún yín.

Ẹ ò ní sìkánà, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀, ẹ ò sì fẹ́ ẹ. Imú yín ni sìkánà. Ẹ óò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ óò fa imú, ẹ óò ní wáyà apá ọ̀tún ló ń jóná, a óò yẹ̀ ẹ́ wò, a óò bá a bẹ́ẹ̀. Òróró ẹ́ńjìnì, ẹ óò fi àtàǹpàkò àti ìka kejì pa á pọ̀ bí obìnrin tó fẹ́ ra aṣọ ṣe ń fọwọ́ pa á, ẹ óò sì sọ bóyá ojúlówó ni tàbí wọ́n ti lú u. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé gbogbo bàbá ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ ní àléébù kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, ẹnu mi kò kúkú ní ìlẹ̀kùn. Ẹ fẹ́ràn omi jù. Ọkọ̀ tó bá ti ń gbóná, ẹ óò yọ tẹmọsítáàtì rẹ̀ sọ nù, irin kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n. Ẹ óò ní òyìnbó tó fi síbẹ̀, òtútù ìlú rẹ̀ ló ń bá jà, kò rí oòrùn Pọ́tákọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá da omi ẹ̀rọ kún rédíétọ̀ dẹ́nu. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, gbogbo mẹkáníìkì ìlú yìí ló ń ṣe é. Mo bá yín jà lórí rẹ̀ títí ó fi sú mi. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí irọ́ mi rọrùn fún àwọn ènìyàn láti gbà gbọ́, títí kan èmi tí mo pa á.

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ oníná bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí ìlú, mo lọ kọ́ iṣẹ́ wọn lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Aluu, lẹ́bàá yunifásítì. Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ. Mo padà dé pẹ̀lú sìkánà tuntun, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, àti ìgbéraga tí kò ṣeé gbé.

Ẹ rántí Madam Báńkì, oníbàárà mi àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀ oníná. Ọmọ Iléṣà ni wọ́n, ọ̀gá ni wọ́n ní báńkì, Old GRA ni wọ́n ń gbé. Ọkọ̀ wọn kọ̀, kò gba ṣáájì nílé. Ẹni méjì ti wò ó, àwọn méjèèjì ní bátìrì ló kú. A jọ lọ síbẹ̀. Mo so sìkánà mọ́ ọn, sìkánà ní kò sí ohun tó ṣe é. Mo yẹ okùn ṣájà wò, mo yẹ ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ wò, iná pupa ni ara ṣájà náà ṣáà ń tàn. Ẹ̀yin dìde níbi tí ẹ jókòó sí, ẹ rìn yí ẹ̀yìn ilé ká, ẹ padà wá, ẹ ní, “Ilé yìí ò ní wáyà ilẹ̀.” Mi ò tilẹ̀ rò ó débẹ̀. Ṣájà yẹn kò rí ibi tí iná tó bá ṣìnà yóò gbà wọlẹ̀, ló ṣe kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ gbẹ́lẹ̀ níbi tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sí, ẹ ri irin bàbà mọ́lẹ̀, ẹ fi èédú àti iyọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àwọn àgbà oníná ṣe ń ṣe é. Iná pupa di àwọ̀ ewé. Madam Báńkì pàtẹ́wọ́, wọ́n ń yìn mí, ẹ̀yin náà bá wọn yìn mí bí ẹni pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ rí i. Mo gba oríyìn yẹn, Bàámi. Mi ò ní ẹ̀yin ni.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìgbóná dé. Súùtì ló fà á, ìdọ̀tí dúdú inú èéfín tó ń já bọ́ sórí aṣọ tí Màmá bá sá, tí áńkáṣíìfù yín máa ń dúdú bí ẹ bá fi nu imú. Ohun tó ń wọ imú wa ló wọ imú ọkọ̀. Rédíétọ̀ Madam dí pa. Wọn ò tíì ki ṣájà bọ̀ ọ́ tán tí fáànù rẹ̀ á ti máa hó bíi bàálù tó fẹ́ gbéra, ṣáájì á wá máa wọlé tíntìntín, torí ọkọ̀ oníná kì í jẹ́ kí bátìrì òun gbóná jù, á kúkú dín oúnjẹ ara rẹ̀ kù. A jọ fọ rédíétọ̀ yẹn, èmi àti ẹ̀yin, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi ọṣẹ, láti àárọ̀ títí di ìyálẹ̀ta. Ẹ ń fi imú kọ orin ìsìn. Ìyẹn ni iṣẹ́ ìkẹyìn tí a jọ ṣe láìjà.

Nígbà tí a fọ̀ ọ́ tán, mo da kúláńtì àtijọ́ nù, mo rọ tuntun sí i. Ọkọ̀ yẹn kì í mu omi kómi. Kúláńtì tó ń tu bátìrì rẹ̀ lára gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Mo ti ra páálí kan lọ́jà, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, ìwé ara rẹ̀ ń dán, wọ́n fi èdìdì dí ẹnu rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ búlúù bí ojú ọ̀run. Mi ò dán an wò. Mo ka ìwé ara rẹ̀, ó tó mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí Madam Báńkì fi pè mí, ohùn wọn ti yàtọ̀. Ọkọ̀ kọ̀ jálẹ̀, kò gba ṣáájì rárá. Wọ́n gbé e wá sí ọgbà. Sìkánà ní iná ń jò láti ọ̀dọ̀ bátìrì wọ ara ọkọ̀. Mo wá orísun rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, mi ò rí i. Mo wá a lọ́jọ́ kejì, mi ò rí i. Madam ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn máa gbé e lọ sí Èkó. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó ní ọkọ̀ oníná ń wò wá, bí ti Madam bá lọ Èkó, kò sí èyí tí yóò tún yà sọ́dọ̀ mi. Orí mi gbóná. Ẹ ń wò mí láti orí àga yín.

Mo jáde lọ ra oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí mo padà dé, mo bá yín níwájú ọkọ̀ náà. Ìdérí ike kúláńtì wà ní ṣíṣí. Píọ̀ wọ́tà tí ẹ ti fi eyín já wà lọ́wọ́ òsì yín, ó ti dín. Ìka ọwọ́ ọ̀tún yín tutù. Bàámi, mi ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Mo rò pé mo ti rí ohun tí mo ti ń wá fún ọjọ́ méjì.

Mo pariwo. Mo ní, “Papa, na you! Na you dey pour water for this motor! You wan finish me?” Sunday gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà yẹn, ẹ na ìka yín sí mi, ẹ ní, “Ìyá mi, wá fọwọ́ kàn án wò ná.” Ìyá mi lẹ máa ń pè mí, torí ẹ ní ojú ìyá yín ni mo gbé wáyé. Mo gbá ọwọ́ yín dànù. Mo ní ẹ lọ jókòó. Mo ní ayé ti kọjá yín, mo ní ọkọ̀ yìí kì í ṣe jálòpì tí ẹ fi ń da omi ṣeré, mo ní ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ kankan ní ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀yin fi ọwọ́ ara yín kan páànù rẹ̀ kí n tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

Ẹ wò mí. Ẹ nu ìka yín mọ́ ṣòkòtò. Ẹ yọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín lápò, ẹ fi ìyókù omi yẹn gbé e mì, torí ọ̀sán ni, ọ̀sán lẹ sì máa ń lò ó. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ọ̀sán ni. Èmi ni mo máa ń rán yín létí. Ẹ gbé fìlà yín, ẹ lọ sílé.

Mo da ohun tó wà nínú ọkọ̀ nù, mo fẹ́ ẹ gbẹ, mo rọ kẹ́ẹ̀gì kejì sí i, iná ìkìlọ̀ kú, ọkọ̀ gba ṣáájì. Ìyẹn wá fi dá mi lójú pé ẹ̀yin ni. Madam kò sì gbé ọkọ̀ lọ Èkó mọ́. Wọ́n pè mí, wọ́n ní àwọn fún mi ní àyè kan sí i, wọ́n sì fi ọ̀rẹ́ wọn kan ránṣẹ́ sí mi. Mo wú bíi búrẹ́dì.

Ẹ ò wá sí ọgbà mọ́. Màmá ní ẹ ní ó tó àsìkò tí ẹ fẹ́ sinmi, pé ọmọ yín ti mọ iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n wá bá yín. Mo ní tó bá di ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àìkú dé, ẹnìkan pè mí sí Oyigbo, mo lọ. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàámi, ojú ló ń tì mí, mo sì sọ ìtìjú náà di iṣẹ́. Àárọ̀ Tọ́sìdè ni Màmá pè mí pé ẹ ṣubú níwájú balùwẹ̀.

Rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí mo dé ọsibítù, ẹ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, àmọ́ ojú yín ń tẹ̀lé mi yí yàrá ká. Etí yín ń gbọ́. Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Gbólóhùn kan péré ni. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà lórí fáànù tí kò yí, mo ń yẹ wáyà ògiri wọn wò, mo ń ṣe bí ọ̀gá. Nígbà tí fáànù yí, ẹ ti lọ. Ṣé èmi ni mo pa yín? Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti ń bá yín fínra tipẹ́. Mi ò sọ fún dókítà pé mo gbá ọwọ́ yín dànù.

A gbé yín lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí àkọ́bí sọ̀rọ̀, mo dìde, mo ní bàbá onísùúrù ni yín, wọ́n ṣe àmín. Mo sunkún, àwọn ẹ̀gbọ́n yín ń dì mí mú, wọ́n ń sọ pé ó tó, pé mo gbìyànjú lórí bàbá mi. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo padà dé ni Madam Báńkì tún pè. Ọkọ̀ ti kọ ṣáájì. Mo so sìkánà mọ́ ọn. Iná ń jò láti ọ̀dọ̀ bátìrì wọ ara ọkọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà, kò yí padà. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú sìkánà lọ́wọ́. Ẹ ti wà nínú ilẹ̀. Ta ló wá da omi sí i lọ́tẹ̀ yìí?

Mo ṣí ìdérí ike náà. Mo ti ìka bọ̀ ọ́. Mo fi àtàǹpàkò pa á pọ̀ mọ́ ìka kejì. Kúláńtì gidi máa ń yọ̀ lọ́wọ́, bí ọṣẹ. Èyí kò yọ̀. Omi lásán ni. Mo lọ gbé kẹ́ẹ̀gì kẹta, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí, mo já èdìdì rẹ̀ fúnra mi, mo ki ẹnu méjèèjì mítà tí mo fi ń dán iná wò bọ inú rẹ̀. Iná ń gba inú rẹ̀ kọjá bó ṣe ń gba inú omi kànga. Omi tí wọ́n pa láró ni, Bàámi. Omi aláró ni mo lọ rà, èmi tí mo ní sìkánà. Ó ń bá irin inú ọkọ̀ jà díẹ̀díẹ̀, bó bá sì di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iná tó ń gbà á kọjá á ti pọ̀ débi tí ọkọ̀ á kọ̀. Èmi ni mo da omi sínú ọkọ̀ Madam, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìka lásán lẹ tì bọ̀ ọ́, ẹ sì ti mọ ohun tó ṣe é kí n tó ti ibi oúnjẹ dé. Ẹ ní kí n wá fọwọ́ kàn án wò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn táyà, mo sì sun ẹkún tó ju ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ.

Mi ò ní purọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n dákẹ́. Kí n da kẹ́ẹ̀gì tó kù sí gọ́tà, kí n ra òmíràn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Èmi ni gbogbo ìlú ń pè báyìí bí ọkọ̀ oníná bá kọṣẹ́, bí mo bá sì sọ ọ́, wọ́n á ní kí ni mo wá mọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dákẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹnìkan da òróró sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Sunday, Sunday bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “You wan do like Baba Water?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti sọ yín lórúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ tún iná ọkọ̀ wọn ṣe fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ohun tó kù nínú yín lẹ́nu wọn nìyẹn.

Ẹ mọ̀ pé ọgbà máa ń gbàdúrà láàárọ̀ Mọ́ńdè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, mo ní kí wọ́n dúró. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sórí bẹ́ǹṣì, mo ki mítà bọ̀ ọ́ lójú wọn, mo ṣàlàyé. Mo ní bàbá mi kò da omi kankan, èmi ni. Mo ní ẹni tó bá tún pe orúkọ yẹn, kó fi pè mí. Sunday ò rẹ́rìn-ín. Ó ti ìka bọ inú kẹ́ẹ̀gì, ó fi àtàǹpàkò pa á títí, ó ní, “Chai. And we don bury the man with that laugh.” Ó yíjú sí ògiri. Ẹ̀yin méjèèjì ti jọ jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò sì mọ̀ pé ó lè sunkún.

Mo wá kúláńtì gidi títí mo fi rí i, mo fi mítà dán gbogbo rẹ̀ wò kí n tó sanwó, mo ṣan inú ọkọ̀ Madam lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ń gba ṣáájì dáadáa báyìí. Mo wà á lọ sí Old GRA fúnra mi. Mo ti pinnu pé bí wọ́n bá lé mi, kí wọ́n lé mi.

Mo sọ fún wọn. Mo ní kì í ṣe bàbá mi ló ba ọkọ̀ wọn jẹ́, èmi ni, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní, “Bàbá ẹ wá síbí.”

Bàámi, wọ́n ní ẹ wọ kéké wá lọ́jọ́ kejì ìjà wa, ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ràn kéké. Wọ́n ní ẹ dúró lójú ọ̀nà àbáwọlé, ẹ ò wọlé, ẹ ní ẹ̀yin lẹ da omi sínú ọkọ̀ náà, pé ojú yín ti ń ṣe bàìbàì, pé mo ti kìlọ̀ fún yín, ẹ ò gbọ́. Wọ́n ní ẹ ṣí fìlà, ẹ dọ̀bálẹ̀ lórí táìsì wọn, ẹ̀yin, bàbá àádọ́rin ọdún, fún obìnrin tí ẹ lè bí lọ́mọ. Ẹ ní kí wọ́n má gbé ọkọ̀ lọ Èkó, kí wọ́n má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín. Wọ́n ní ìdààmú bá wọn, wọ́n sáré kúnlẹ̀ kí ẹ lè dìde. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ wá. Ohun kan péré lẹ rán wọn sí mi, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé tiwọn ni, pé kí n ra kúláńtì mìíràn níbòmíràn, torí ọwọ́ yín ti ba gbogbo èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́. Madam ní àwọn gbàgbé. Wọ́n ní iṣẹ́ báńkì pọ̀ lọ́sẹ̀ náà, ó kàn fò wọ́n ni.

Ẹ mọ̀, Bàámi. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin. Ìka yín ti sọ fún yín, ẹ sì lọ gbé ẹ̀bi mi wọ̀ bí ẹ̀wù, kí oníbàárà má baà kọ̀ mí. Mo rò pé ọgbọ́n orí mi ló dá Madam dúró. Ẹ̀yin ni. Kí ló dé tí ẹ ò pè mí, kí ẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kejì? Ṣé ẹ rò pé n óò tún pariwo ni? Àbí ẹ jókòó nílé ní gbogbo ọjọ́ Àìkú yẹn, ẹ ń retí ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà? Nígbà tí ojú yín ń tẹ̀lé mi káàkiri yàrá ọsibítù yẹn, kí lẹ fẹ́ sọ?

Mo kúnlẹ̀ lórí táìsì yẹn, níbi tí Madam fi hàn mí pé ẹ dọ̀bálẹ̀ sí. Mo ń bẹ̀bẹ̀. Madam ń sunkún, wọ́n ń fà mí lápá, wọ́n ní, “Dìde, ó ti tó, dìde.” Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni mo ṣẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá kúnlẹ̀ bẹ àgbà, àgbà tí wọ́n ṣẹ̀ náà ló ń ní kó dìde, kò sí ẹlòmíràn tó lè bá a sọ ọ́.

Bàámi, ta ni yóò ní kí n dìde?

Ọmọ yín obìnrin ni,
tó fẹ́ràn yín, tí kò sì tètè sọ ọ́.